Páànù Tó Padà Sílé

Owó tí bàbá mi san fún odindi ọdún kan nígbà tí mo wà ní yunifásítì, oúnjẹ àti ibùsùn wà nínú rẹ̀, kò lè ra ju ẹ̀kúnwọ́ ìṣó lọ lónìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo dúró níwájú ẹni tó ń ta ìṣó ní ọ̀nà Adó lọ́jọ́ kan, mo sì ṣírò rẹ̀ sínú. Kòkó ọdún kan gbáko ni bàbá mi tà kó tó rí owó yẹn, ìyá mi sì fi owó gààrí kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ìṣó wò mí títí, ó ní, “Bàbá, ṣé kí n wọ̀n ọ́n ni, àbí ẹ kàn ń wò ó?” Mo ní mo kàn ń wò ó.

Nígbà náà, àpò sìmẹ́ńtì kan kò tó pọ́n-ùn kan. Lónìí, bí mo bá ra àpò mẹ́ta, owó ìfẹ̀yìntì oṣù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ti páànù, n kò tilẹ̀ fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn. Páànù ìgbà èwe wa nípọn débi pé bí ẹ bá fi ìka kàn án, ó ń dún bí agogo. Èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, bí ènìyàn bá sín lábẹ́ rẹ̀, yóò mì.

Ọ̀rọ̀ páànù ni mo fẹ́ sọ. Nítorí páànù ni mo ṣe pàdánù ọ̀rẹ́ tí mo ti ní láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, tí mo sì fi ọdún méjì wá bí màá ṣe rí i padà kí ikú tó mú ọ̀kan nínú wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ilé ti ń parí tí oko kòkó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi gígùn ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, ògiri alámọ̀ rẹ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mú páànù wá. Wọn kò dá owó. Páànù gan-an ni wọ́n rà wá láti Àkúrẹ́, nítorí àwọn bàbá wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ lọ́jọ́ iwájú pé owó òun ló ṣe èyí tàbí tọ̀hún. Bàbá mi mú mẹ́fà wá. Kí wọ́n tó gbé wọn sókè, olúkúlùkù fi ìṣó fa àmì ìdílé rẹ̀ sí inú páànù, ní ojú tí yóò kọ sí àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Àmì tiwa dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ìyẹn ni pé bí ìwàásù bá gùn jù, ènìyàn lè gbójú sókè kó wá bàbá rẹ̀ rí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ọjọ́ Ìsinmi, kódà lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú.

Kápẹ́ńtà tó kàn wọ́n mọ́ igi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, kò sì kàwé kọjá Sítándààdì Fọ́ọ̀. Èmi ni mo dúró lórí àkàbà tí mo ń na ìṣó sí i. Lọ́jọ́ kìíní, mo na ọ̀kan sí i pẹ̀lú ẹnu ṣómúṣómú níwájú, ó sì gún un lọ́wọ́.

“Yunifásítì,” ó ké láti òkè, “ṣé wọn ò kọ́ yín níbẹ̀ pé uṣó ní orí?”

Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń pe ìṣó lọ́dọ̀ wa nìyẹn, uṣó, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Èmi ti fi èdè yẹn sílẹ̀ fún ti inú ìwé nígbà náà. Òun kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Yunifásítì, èmi sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Òun ló kan ibùsùn ìgbéyàwó mi. Òun ló kan pósí bàbá mi, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ìjọ pọ̀ sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yí ti àtijọ́ ká, bí ọ̀pọ̀ ìjọ ní agbègbè wa ṣe máa ń ṣe. A ń sìn nínú ti àtijọ́, ògiri búlọ́ọ̀kù ń ga sókè lẹ́yìn fèrèsé, títí ti àtijọ́ fi wà nínú ti tuntun bí ẹ̀pà inú èèpo. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ewé hù lórí ògiri tuntun. Àwọn ọmọ tí a ṣe ìrìbọmi fún lọ́dún tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níwájú ìjọ.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún kan, àlùfáà wa pe ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sọ́dọ̀ wa ni, iná ń jó nínú rẹ̀. Àwa mọ́kànlá la jókòó. Ó ní ohun tó dá wa dúró ni pé a ní ibi tí a lè sá sí. Ó ní àwọn àlùfáà tó gbé àpótí májẹ̀mú kò dúró kí omi Jọ́dánì kọ́kọ́ gbẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́. Ó ní ẹ jẹ́ ká ṣí òrùlé àtijọ́, ká wó ògiri alámọ̀, ká máa sìn láàárín ògiri tuntun lábẹ́ ojú ọ̀run, Ọlọ́run yóò sì fi òrùlé bò wá kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Bí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun bá rí àwòrán wa nínú oòrùn, ojú yóò tì wọ́n, wọn yóò sì dìde.

Orí mi wú. Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Mo fẹ́ rí ilé yẹn kó parí. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n lè sọ pé nígbà ayé mi ló parí.

Kápẹ́ńtà nìkan ló na ọwọ́ sókè láti sọ̀rọ̀. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé igi sórí ulé tuntun,” ó ní. “Bí igi bá délẹ̀, tí páànù bá délẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo máa fi ṣí ti àtijọ́ fún yín. Òjò ò mọ ẹni tó nígbàgbọ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àlùfáà wò mí, bóyá nítorí pé èmi ni mo dàgbà ṣìkejì níbẹ̀, tàbí nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé jù. Mo dìde. Ohun tí mo sọ nìyí, n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ ń gbèjà, kì í ṣe ilé Ọlọ́run. Ẹni tí kò bá ní ìgbàgbọ́, kó dákẹ́ fún àwọn tó ní in.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kápẹ́ńtà mú fìlà rẹ̀ lórí itan, ó sì dé e síbẹ̀, nínú ilé Ọlọ́run, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó jáde. A dìbò. Ọwọ́ mẹ́wàá ló lọ sókè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ wá sí ìsìn, òun kò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Mo ní inú rẹ̀ yóò rọ̀.

Inú ọyẹ́ la ṣí òrùlé. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣí i, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí gbogbo páànù ti wà nílẹ̀, àwọn kan ní ká tà á fún àwọn tó ń ra ajákù irin. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ta ni yóò ta àmì bàbá rẹ̀ fún onírin? Ibẹ̀ ni mo ti gbé ọgbọ́n mi kalẹ̀. Mo ní, “Kí olúkúlùkù wá páànù tó ní àmì ilé rẹ̀, kó gbé e lọ sílé. Ọlọ́run ti lò ó fún wa tó.” Inú gbogbo ayé dùn. Wọ́n gbé páànù lórí jáde bí ẹni ń ti ọjà bọ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Ìyá Ìjọ fọwọ́ gbá tirẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Ẹ wò ó, ọrẹ bàbá mi mà padà sílé!” Mo rò lọ́jọ́ náà pé n kò tíì ṣe ìdájọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ olùkọ́. Ìdílé kápẹ́ńtà náà ní mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ gbé wọn lọ fún un.

A ya àwòrán. A fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ méjì tí ń gbàdúrà ránṣẹ́ padà.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé òjò kì í bá wa lójijì. Àpáta ńlá tó dúró lẹ́yìn ìlú la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á dúdú láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹni tó sá kòkó tàbí èlùbọ́ sóòrùn á sì ráyè kó o kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ògiri tuntun wa kò tíì ní ohunkóhun lókè, nítorí náà a ń rí àpáta náà láti orí ìjókòó wa. Kí oṣù kẹta tó parí, ojú ìjọ kò sí lára àlùfáà mọ́. Àpáta ni gbogbo wa ń wò. Ó lè wà láàárín ìwàásù lórí Èlíjà, ẹ ó rí i tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí ká ìwé orin sínú ọ̀rá. Àlùfáà kò ní láti wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé àpáta ti dúdú.

Igi òrùlé kò dé lọ́dún náà. Iye tí àwọn onígi bù fún wa ní oṣù kìíní kọ́ ni wọ́n bù ní oṣù kẹrin. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, a kò tó ìdajì iye tí a jẹ́. Àwọn kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ọjà, wọ́n ní ọmọ wọn ń wúkọ́. Àwọn mìíràn kò sọ ohun kan, wọn kò kàn wá mọ́ ni. Àlùfáà rù. Lọ́jọ́ kan tí mo bá a ní yàrá ìmúra rẹ̀, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì tó ti gan, ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ wa kò tíì wọ omi tó ni?”

Ibẹ̀ la ti pinnu láti gba àwọn páànù àtijọ́ padà, ká lè bo apá iwájú nìkan, níbi pẹpẹ àti ìlà àga díẹ̀. Èmi tí mo fi wọ́n ránṣẹ́ sílé ni wọ́n ní kí n lọ gbà wọ́n wá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa yóò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ohun tí a fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ tí a sì dá padà fún ènìyàn, kò tún ṣeé tọrọ. Obìnrin kan bi mí pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá mi tún ra òmíràn láti inú sàréè ni?” Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tó na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ ìpàdé, mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó nawọ́ sí ilé ẹran.

“Òun ló wà lórí wọn yẹn,” ó ní. “Ẹ bẹ àwọn ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ti gbà, èmi ti gbà.”

“Ṣé o ò lójú tì?” mo bi í.

“Ojú tì mí, sà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mi ń bímọ.”

Mo rí páànù lórí ilé ìgbẹ́, lórí ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, mo rí ọ̀kan tí wọ́n gé sí méjì fún ọ̀nà omi. Mo wá rí i pé kí n tó lè tọrọ ti ẹlòmíràn, ó yẹ kí n mú tèmi wá. Mẹ́fà bàbá mi wà lórí ilé ìdáná ìyàwó mi. Ọjọ́ tí mo gbé àkàbà tì í, ó jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

“Yunifásítì,” ó ní, òun tí kì í pè mí bẹ́ẹ̀, “o ti gba òrùlé lórí Ọlọ́run, ó wá kan ọbẹ̀ mi.”

Síbẹ̀ òun ló di àkàbà náà mú fún mi.

A rí nǹkan bí ogójì kó jọ. Kápẹ́ńtà kan wá láti Adó, ọ̀dọ́, ó ní okùn ìwọ̀n onírin àti bàtà tó dára. Ó fi ọjọ́ méjì gbé igi díẹ̀ sókè, ó kan páànù mọ́ ọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àpáta dúdú, a sì jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì. Òjò dé. Ó gba inú gbogbo ojú ìṣó àtijọ́ wọlé bí omi inú ajere. Ihò kan kò bọ́ sórí igi. Aṣọ pẹpẹ rin gbingbin.

Mo pe ọmọ Adó náà. Ó gun orí rẹ̀, ó wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀. “Bàbá, ẹni tó kan èyí níjọ́ kìíní ní ìwọ̀n tirẹ̀,” ó ní. “Kì í ṣe ìwọ̀n tèmi. Kí ihò wọ̀nyí tó lè bọ́ sórí igi, kí igi bò wọ́n kí ìṣó tún gba ojú ara rẹ̀ wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí igi ṣe jìnnà síra àti páànù tó ṣáájú páànù. Ṣé ẹni náà ti kú?”

Mo ní kò tíì kú.

Mo bá a níwájú ilé rẹ̀ nínú àga gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, aṣọ wà lórí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, kò ní kí n dìde. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin.

“Mo mọ̀ pé yóò jò,” ó ní.

“Ẹ̀gbọ́n, mo wá bẹ̀ yín.”

“Ta ló rí ẹ nígbà tí o ń bú mi?”

“Àwa mọ́kànlá ni.”

“Ta ló ń rí ẹ báyìí?”

Mo wò yíká. Adìyẹ méjì ló wà níbẹ̀.

“Inú ulé Olúwa lo ti sọ pé mi ò nígbàgbọ́,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò níbẹ̀, ó sì délé kí n tó délé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi gbọ́ ọ. Ibi tí o ti bú mi ni kí o ti bẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n lè débẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe é, màá gbọ́.”

Ó rọrùn létí. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta kọjá, n kò ṣe é. Mo wọ aṣọ mi, mo jókòó, mo ní tí a bá ti kọ orin yìí tán. A kọ orin tán, mo ní lẹ́yìn ìkéde. Mo sọ fún àlùfáà ohun tí mo fẹ́ ṣe, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. “Bàbá,” ó ní, “ẹ rí àwọn tó kù. Bí ẹ̀yin bá dìde sọ pé àṣìṣe ni ìgbésẹ̀ ìgbàgbọ́ wa, kí ni màá wí fún àwọn tó ṣì ń jókòó nínú òjò pẹ̀lú wa?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo gbé e káàkiri. Mo ń bi ara mi bóyá ìgberaga ló ń mú mi dákẹ́ tàbí ìfẹ́ ìjọ. Àwọn méjèèjì wọ irú aṣọ kan náà, n kò lè dá wọn mọ̀.

Ìyàwó mi ló sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kẹrin pé ìyàwó kápẹ́ńtà ní ọkọ òun kò jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde kí wọ́n tó ka ẹ̀kọ́ Bíbélì kejì. Mo lọ sí ibi àga ìwàásù. Mo ní kí àlùfáà foríjì mí. Mo kọjú sí ìjọ, mo sì rí i pé ojú wọn ti kúrò lára mi, ó ti lọ sẹ́yìn mi. Àpáta ti dúdú.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ohun tí mo wí fún ọkùnrin náà, bí mo ṣe wí i gan-an. Mo ní, “N kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ni ohun tí a ṣe tàbí kì í ṣe òun. Ọlọ́run ló mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin yẹn sọ òótọ́, èmi sì fi orúkọ Ọlọ́run pa á lẹ́nu mọ́ nítorí pé mo fẹ́ rí ilé yìí kí n tó kú.” Òjò dé bá mi níbẹ̀. Ó ń gba ojú ìṣó wá sórí mi, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń dìde lọ sábẹ́ igi máńgòrò. N kò sọ̀ kalẹ̀. Mo wá ìyàwó rẹ̀ lójú, mo rí i, mo wí fún un pé, “Ẹ bá mi sọ fún un pé mo jẹ̀bi. Ẹ sọ fún un pé gbogbo ìjọ gbọ́.” Ìyá Ìjọ ṣí agboòrùn rẹ̀, ó wá dúró tì mí, ó nà án sórí èmi àti òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Kí n mú ìwé ìkọ̀wé àti bírò.

Ó ti wà lórí ibùsùn. Ó ti fúyẹ́ púpọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ṣé lóòótọ́ ni òjò pa ẹ́ lórí àga ìwàásù?”

“Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ó pa ẹ́ dáadáa?”

“Títí dé abẹ́ aṣọ.”

Ẹ̀rín díẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. “Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó ní kí ìyàwó òun mú ọ̀pá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá. Ọ̀pá ìrókò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọwọ́ ti dán an. Òun ló fi wọn àlàfo igi òrùlé náà níjọ́ kìíní, kì í ṣe okùn ìwọ̀n. Ó ní bí a bá gbé igi sókè ní ìwọ̀n ọ̀pá náà, gbogbo ihò yóò bọ́ sórí igi. Ó ní kí n wo igun òsì páànù kọ̀ọ̀kan: òun fi ìṣó tẹ ojú kéékèèké síbẹ̀ láìlu ú já, iye ojú ni iye ẹsẹ̀, ìyẹn ìlà páànù, tí ó wà láti ìsàlẹ̀. Iye ojú tó wà ní igun ọ̀tún ni ipò rẹ̀ nínú ẹsẹ̀ náà. Mo ti jókòó sábẹ́ àwọn páànù yẹn ní gbogbo ayé mi, mo ti ń wá ẹsẹ̀ adìyẹ bàbá mi, n kò rí àwọn ojú yẹn rí. Ó ń sọ, mo ń kọ. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kọ, mo jókòó lórí àpótí, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra.

Nígbà tí ó parí, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

Ó ti di ojú rẹ̀. “Kà á fún mi kí n gbọ́,” ó ní.

Mo kà á, láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Kí n tó dé ìdajì, ó ti sùn.

Ọmọ Adó náà tún òrùlé kàn pẹ̀lú ọ̀pá yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, páànù mẹ́rin ilé kápẹ́ńtà wà lára wọn. Kò tíì fi wọ́n ṣe ohunkóhun, wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé wọn dé. Nígbà tí òjò tún dé, apá iwájú gbẹ. Mo na ọwọ́ mi sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán omi kan kò kàn án. Mo gbéra lójú ẹsẹ̀ láti lọ sọ fún un, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó ní òwúrọ̀. Kò padà bọ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti ibi tí wọ́n wà. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Èyí àgbà wá kí mi, ó sì ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ti gba ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ọjà fún ìsìn ìsìnkú. Àlejò wọn pọ̀, ó ní, òrùlé tiwa kò sì kọjá ìlà àga kẹfà. “Ẹ má bínú, sà. A ò fẹ́ kí òjò pa bàbá wa.” Mo ní n kò bínú. Mo lọ. Mo jókòó lábẹ́ àjà funfun kan tí kò ní àmì ẹnikẹ́ni, mo sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí.

Ìyókù ilé wa ṣì wà lábẹ́ ojú ọ̀run. Bí àpáta bá ti dúdú, àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń kó wá síwájú, a sì máa ń há ara wa mọ́ abẹ́ ogójì páànù náà. A kì í sọ ọ̀rọ̀ Jọ́dánì mọ́.

Nínú àwa mọ́kànlá tí a jókòó ní ìpàdé ọjọ́ yẹn, kápẹ́ńtà ti lọ. Olórí akọrin ti lọ, òun ló tẹ̀ lé e. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé yanrìn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ti lọ. Nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ní oko kòkó lọ́nà Ìlawẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti lọ, àbúrò ń bẹ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Àkúrẹ́. Akápò wà láàyè, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ìtòsí ọjà ló ń lọ. Àlùfáà wà láàyè, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Ó máa ń pè mí lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa ń béèrè ni òrùlé. Onílé ẹran wà láàyè, àwọn ewúrẹ́ náà wà. Ọ̀gá obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì wà, kì í pẹ́ lẹ́yìn. Ìyá Ìjọ wà, kò mọ ẹni tó ń kí i mọ́, àmọ́ ó mọ páànù bàbá rẹ̀, ó sì máa ń nawọ́ sí i nígbà ìwàásù. Èmi náà wà. Lókè orí mi ni páànù bàbá mi kan wà: ẹsẹ̀ kẹta láti ìsàlẹ̀, ipò kẹrin.